"Revolution" àti Àwọn Ìtumọ̀ Rẹ̀ ní Èdè Yorùbá: Láti Ìpòòyì Ẹ̀rọ Dé Ìyípadà Ìlú

1.0 Ìfáàrà

Ọ̀kan nínú àwọn ìṣòro tí ó máa ń dojú kọ àwọn tí ń ṣẹ̀dá èdè-ìperí ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì lè ru ẹrù mẹ́rin tàbí márùn-ún. Bí olùṣẹ̀dá ìperí bá fi dandan lé e pé ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo ni yóò ru gbogbo ẹrù náà, ẹrù yóò wọ ọ̀rọ̀ ọ̀hún lọ́rùn, kò sì ní í gbé ọ̀kankan délé.

"Revolution" jẹ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ń gbé ní Omole, ní agbègbè ilé-iṣẹ́ tí ó so Ìkẹjà mọ́ Agége, lè bá mẹ́rin nínú àwọn ìtumọ̀ rẹ̀ pàdé kí ilẹ̀ ọjọ́ kan tó ṣú. Lára mítà iná ti àtijọ́, irú èyí tí àwo irin pẹlẹbẹ ń yí nínú rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ ní ìkékúrú láti sọ iye ìgbà tí àwo náà gbọ́dọ̀ yí kí iná tí onílé lò tó pé ìwọ̀n kan. Nínú ìwé sáyẹ́ǹsì ọmọ ilé-ìwé, òun ni orúkọ ìrìn tí ayé ń rìn yí oòrùn ká. Nínú ìwé ìtàn, òun ni orúkọ tí wọ́n fún ìgbà tí ilé-iṣẹ́ ẹ̀rọ kọ́kọ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ oníṣẹ́-ọwọ́. Nínú ìròyìn tí akéde ń kà ní èdè Yorùbá ní Radio Lagos, ní Àgídìngbí tí kò jìnnà sí Omole, òun ni orúkọ ohun tí ó lè sọ ènìyàn di ará ẹ̀wọ̀n.

Ìtumọ̀ tí ó kẹ́yìn yìí ni ó fi hàn pé ọ̀ràn náà kì í ṣe eré àwọn onímọ̀ èdè lásán. Ní oṣù August 2019, Omoyele Sowore pe àwọn ará ìlú sí ìwọ́de kan tí wọ́n sọ ní "RevolutionNow". Àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba mú un ní ọjọ́ kẹta oṣù náà, kí ọjọ́ ìwọ́de tó pé. Ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, wọ́n fi ẹ̀sùn ìdìtẹ̀ mọ́ ìjọba kàn án. Akéde tí ó bá túmọ̀ ohun tí ọkùnrin náà pè fún sí "ìyípadà" ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dá a láre. Èyí tí ó bá túmọ̀ rẹ̀ sí "ọ̀tẹ̀" ti dá a lẹ́bi kí adájọ́ tó jókòó. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà kò sì ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì fúnra rẹ̀.

Èrò tí àpilẹ̀kọ yìí gbé kalẹ̀ ni pé èdè Yorùbá kò ṣe aláìní ní ọ̀nà yìí. Ìyàtọ̀ tí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà bò mọ́lẹ̀ ti wà kedere nínú àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe Yorùbá, pàápàá nínú bí wọ́n ṣe ń gba àbọ̀. Ohun tí ó kù ni kí àwọn olùṣẹ̀dá ìperí má ṣe ba ìyàtọ̀ náà jẹ́.

2.0 Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹ̀

Inú èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ náà ti wá, níbi tí ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó bí i ti túmọ̀ sí kí nǹkan yí padà sẹ́yìn. Ní 1543, ọdún tí Nicolaus Copernicus kú, ni wọ́n tẹ ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìrìn àwọn ohun ojú ọ̀run jáde, ọ̀rọ̀ yìí sì wà nínú àkọlé rẹ̀. Ìwé náà ṣàlàyé pé ayé ni ó ń yí oòrùn po, kì í ṣe oòrùn ni ó ń yí ayé po. Kò sí ìjà tàbí rúkèrúdò kankan nínú ohun tí ọ̀rọ̀ náà dúró fún níbẹ̀: ohun tí ń yípo máa ń padà sí ibi tí ó ti gbéra, ní àkókò rẹ̀, láìyẹ̀.

Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú ọ̀rọ̀ náà wọ inú ìṣèlú ní ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, èrò ìpadàsípò náà ṣì wà nínú rẹ̀. Ní 1688, Ọba James Kejì sá kúrò ní ìlú, William àti Mary sì gorí ìtẹ́. Àwọn tí ó fọwọ́ sí ọ̀rọ̀ náà kò sọ pé àwọn dá ohun tuntun sílẹ̀. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ àtijọ́ tí ọba tẹ̀ mọ́lẹ̀ ni ó padà sí ipò rẹ̀.

Ọdún 1789 ni ìtumọ̀ náà kúrò níbẹ̀. Ìtàn kan tí wọ́n máa ń sọ ni pé nígbà tí ìròyìn dé ọ̀dọ̀ Ọba Louis Kẹrìndínlógún pé àwọn ará Paris ti gba ọgbà ẹ̀wọ̀n Bastille, ọba béèrè bóyá ọ̀tẹ̀ ni. Ìjòyè tí ó mú ìròyìn wá dá a lóhùn pé rárá, kì í ṣe ọ̀tẹ̀, "révolution" ni. Ọba lè pa ọ̀tẹ̀. Ta ni ó lè dá ìrìn oòrùn dúró? Ọdún méjì lẹ́yìn náà ni àwọn ẹrú ilẹ̀ Haiti dìde, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọmọ Áfíríkà tí wọ́n kó gba orí òkun kọjá. Nígbà tí ó fi di ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù January 1804, àwọn tí wọ́n ti ń tà lọ́jà ti di onílẹ̀ àti olùṣàkóso. Kò sí ẹni tí ó tún lè sọ pé nǹkan padà sí ipò àtijọ́. Báyìí ni ọ̀rọ̀ tí ó ti jẹ́ orúkọ ìpadàsípò ṣe di orúkọ àìlèpadàsẹ́yìn.

3.0 Ẹ̀rí inú gírámà Yorùbá

Ọ̀rọ̀-ìṣe mẹ́ta ni ó ṣe pàtàkì níhìn-ín: "pòòyì", "yípo" àti "yípadà". Kí òǹkàwé wo àwọn gbólóhùn wọ̀nyí:

(i) Òkòtó ń pòòyì.
(ii) Ayé ń yí oòrùn po.
(iii) Àwọn ọmọ-ogun yí ìlú náà po.
(iv) Àwọn ọmọ-ogun yí ìlú náà padà.

Ní gbólóhùn (i), ọ̀rọ̀-ìṣe náà kò gba àbọ̀. Ojú kan ni òkòtó wà, ara rẹ̀ ni ó sì ń yí. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ sọ pé òkòtó náà ń rìn káàkiri ara nǹkan mìíràn, kò lè sọ pé "ó ń pòòyì igi". Àfi kí ó wá ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn kún un, kí ó ní "ó ń pòòyì yí igi ká". Èyí fi hàn pé "pòòyì" kò mọ ohunkóhun lẹ́yìn ẹni tí ń ṣe é.

"Yípo" àti "yípadà" yàtọ̀. Wọ́n wà lára àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe tí ó ṣe é là sí méjì, tí àbọ̀ wọn sì ń bọ́ sáàárín. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ sí àbọ̀ náà kò dọ́gba. Ní gbólóhùn (ii) àti (iii), olùwà ni ó ń rìn. Àbọ̀ dúró bí ó ti wà. Oòrùn kò di nǹkan mìíràn nítorí pé ayé ń yí i po. Ìlú tí ọmọ-ogun yí po lè bẹ̀rù, ebi sì lè pa á, ṣùgbọ́n ìlú náà ni ó ṣì jẹ́. Ní gbólóhùn (iv), àbọ̀ ni ó rù ú: ìlú náà kò rí bí ó ti rí mọ́.

Nítorí náà, ìbéèrè méjì ni gírámà Yorùbá ń bi ẹni tí ó bá fẹ́ túmọ̀ "revolution". Èkíní: ǹjẹ́ nǹkan kan wà níta ẹni tí ń yí, tí ìyí náà kàn? Bí kò bá sí, "pòòyì" ni. Èkejì: bí ó bá wà, ǹjẹ́ ó ń di ẹlòmíràn? Bí kò bá ń dì í, "yípo" ni. Bí ó bá ń dì í, "yípadà" ni. Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà kò béèrè ọ̀kan nínú méjèèjì.

Àwọn àgbà Yorùbá pàápàá kò fi àṣà yíyí ayé pamọ́ nínú ọ̀rọ̀ wọn. Wọ́n ní ìgbà kì í lọ bí òréré, ayé kì í lọ bí ọ̀pá ìbọn. Òwe náà sọ pé ayé kì í tọ́ lọ gbọọrọ. Kò sọ bóyá yóò yípo tàbí yóò yípadà. Ọ̀rọ̀-ìṣe tí ẹni tí ń pa á bá yàn tẹ̀ lé e ni yóò sọ ìyẹn.

4.0 Ìpòòyì àti ìyípo nínú ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì

Nínú ìmọ̀ nípa òfuurufú, àwọn onímọ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà máa ń ya ohun méjì yìí sọ́tọ̀: "rotation" fún yíyí lójú kan, "revolution" fún yíyí nǹkan mìíràn po. Ayé ń pòòyì lẹ́ẹ̀kan láàárín nǹkan bí wákàtí 24. Èyí ni ó ń fún ènìyàn ní ọ̀sán àti òru. Ó ń yí oòrùn po lẹ́ẹ̀kan láàárín ọjọ́ 365 àti nǹkan bí ìdámẹ́rin ọjọ́ kan. Èyí ni ọdún. Ìdámẹ́rin tí ó ṣẹ́kù náà ni wọ́n ń kó jọ tí oṣù February fi ń ní ọjọ́ 29 ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin.

Òṣùpá ni ó fi ìwúlò ìyàtọ̀ yìí hàn jù lọ. Òṣùpá ń yí ayé po láàárín ọjọ́ 27 àti nǹkan bí wákàtí 8. Iye àkókò kan náà gan-an ni ó fi ń pòòyì lẹ́ẹ̀kan. Ìdí nìyí tí ó fi jẹ́ pé ojú kan ṣoṣo ni ó ń kọ sí ayé, tí ẹnikẹ́ni kò sì rí ẹ̀yìn rẹ̀ títí di 1959, nígbà tí ọkọ̀ òfuurufú àwọn ará Soviet, Luna 3, ya àwòrán rẹ̀. Bí olùkọ́ bá fi "ìyípo" pe ohun méjèèjì, ohun tí yóò sọ fún àwọn ọmọ ni pé àkókò ìyípo òṣùpá dọ́gba pẹ̀lú àkókò ìyípo òṣùpá. Kò sí ọmọ tí yóò rí nǹkan kan dì mú nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá sọ pé àkókò ìpòòyì òṣùpá dọ́gba pẹ̀lú àkókò ìyípo rẹ̀, ẹ̀kọ́ ti wọlé.

Àmọ́, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì bá kúrò lójú ọ̀run tí wọ́n dé ìdí ẹ̀rọ, wọn kì í tẹ̀ lé òfin tiwọn mọ́. Iye ìgbà tí ọ̀pá ẹ̀rọ ń yí lójú kan láàárín ìṣẹ́jú kan, "revolution" ni wọ́n tún ń pè é. Níbi yìí ni atúmọ̀ èdè máa ń ṣubú sí. Bí ó bá ti pinnu pé "revolution" ni "ìyípo", yóò kọ ọ́ pé ẹ̀rọ amúnáwá ń "yípo", bí ẹni pé ẹ̀rọ náà dìde nílẹ̀ tí ó ń rìn yí ilé ká.

Ẹ̀rọ amúnáwá yìí kan náà jẹ́ àpẹẹrẹ tí gbogbo ará Ìkẹjà mọ̀. Iná mànàmáná ti Nàìjíríà ń lọ ó ń bọ̀ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Kí ẹ̀rọ amúnáwá tí ojú òòfà rẹ̀ jẹ́ méjì tó lè pèsè irú iná bẹ́ẹ̀, ó gbọ́dọ̀ pòòyì ní ìgbà 3,000 láàárín ìṣẹ́jú kan. Èyí tí ojú òòfà rẹ̀ jẹ́ mẹ́rin yóò pòòyì ní ìgbà 1,500. Èyí wà lára ìdí tí àwọn ẹ̀rọ ńlá tí ń ṣiṣẹ́ tọ̀sántòru ní ilé-iṣẹ́ fi máa ń jẹ́ oní-1,500: bí ìpòòyì bá ti dín kù, jíjẹ́ irin náà dín kù. Oníṣẹ́ tí ó mọ ìyàtọ̀ yìí kò lè fi "ìyípo" sọ ọ́, "ìpòòyì" ni.

5.0 Ìyípadà tí ẹ̀rọ mú wá

Ní ibi kan nínú ìtàn, ìpòòyì àti ìyípadà pàdé. Kí àwọn ẹ̀rọ tó dé, ìrànwú ni àwọn obìnrin fi ń rànwú ní ilẹ̀ Yorùbá àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bákan náà: ohun tí ń pòòyì ni ó ń sọ òwú di okùn. Ní 1769, Richard Arkwright gba ìwé àṣẹ lórí ẹ̀rọ ìrànwú tí omi lè máa yí. Àwọn ẹ̀rọ oru omi tí ó wà nígbà náà ń lọ sókè-sódò ni, iṣẹ́ wọn sì ni láti fa omi jáde nínú kòtò ìwakùsà. Ní 1781, James Watt gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà tí ìlọ-sókè-sódò náà fi lè di ìpòòyì. Láti ìgbà náà ni ẹ̀rọ oru omi ti lè yí ẹ̀rọ ìrànwú àti ẹ̀rọ ìhunṣọ ní ibi tí odò kò sí.

Ohun tí ó tẹ̀ lé e ni wọ́n ń pè ní "Industrial Revolution". Ìpòòyì ọ̀pá irin yí ìgbésí ayé padà: iṣẹ́ kúrò nílé, aago ilé-iṣẹ́ rọ́pò oòrùn, owó oṣù rọ́pò ìkórè. Kì í ṣe ohun ọjọ́ kan, kì í sì ṣe ẹnì kan ni ó pàṣẹ rẹ̀. Nítorí náà, "ọ̀tẹ̀" kò bá a mu rárá. "Ìyípadà iṣẹ́-ẹ̀rọ" ni ó tọ́.

Irú rẹ̀, ní ìwọ̀n kékeré, ṣẹlẹ̀ ní Ìkẹjà. Láti àwọn ọdún 1950 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn ti ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún ilé-iṣẹ́ níbẹ̀. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí ní Ìkẹjà ní 1962. Dunlop náà ṣe taya níbẹ̀ títí di 2008. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ilé-iṣẹ́ gbà kún Agége, àwọn ìyálọ́jà, aránṣọ àti onílé sì ń jẹun láti ara owó oṣù wọn. Omole tí ó jẹ́ ilẹ̀ oko di àdúgbò ilé gbígbé. Ẹni tí ó bá sọ pé ilé-iṣẹ́ yí Ìkẹjà po kò sọ nǹkan kan; wọ́n yí i padà ni.

Àpẹẹrẹ tí ó yẹ kí olùṣẹ̀dá ìperí fi kọ́gbọ́n ni "Green Revolution". William Gaud ará Amẹ́ríkà ni ó lo àpólà yìí ní 1968 fún irè oko tí ó ń pọ̀ sí i nítorí irúgbìn tuntun àti ajílẹ̀. Ní 1980, ìjọba Shehu Shagari sọ ètò ọ̀gbìn tirẹ̀ lórúkọ yìí. Bí wọ́n bá túmọ̀ rẹ̀ ní wóró-wóró sí "ìyípadà aláwọ̀ ewé", àgbẹ̀ tí ó gbọ́ ọ yóò rò pé ewé oko òun ni àwọ̀ rẹ̀ yóò yí padà. "Ìyípadà ọ̀nà ọ̀gbìn" sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀, àgbẹ̀ sì mọ̀ ọ́n.

6.0 Ọ̀tẹ̀, ìfipágbàjọba àti ìyípadà ìlú

Nínú ìṣèlú ni ọ̀rọ̀ náà ti díjú jù lọ, nítorí pé ẹni tí ń ṣe é, ẹni tí wọ́n ń ṣe é sí àti ẹni tí ń ròyìn rẹ̀ kì í fẹ́ pè é ní orúkọ kan náà.

Ní January 1966, nígbà tí Ọ̀gágun Nzeogwu sọ̀rọ̀ lórí rédíò ní Kàdúná, orúkọ ìgbìmọ̀ kan tí ó fi "revolution" pe ara rẹ̀ ni ó fi sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn ológun kan fi ìbọn gba ìjọba lọ́wọ́ àwọn olóṣèlú. Yorùbá mọ èyí ní ìfipágbàjọba. Ẹni tí ó jókòó lórí àga yí padà. Àga náà kò yí padà.

Àwọn Àgbẹ́kọ̀yà ti 1968 sí 1969 yàtọ̀. Àwọn àgbẹ̀ agbègbè Ìbàdàn àti àyíká rẹ̀ dìde sí owó-orí àti ìyà tí àwọn agbowó-orí fi ń jẹ wọ́n; ní September 1969, wọ́n fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi láti tú àwọn ènìyàn wọn sílẹ̀. Wọn kò gba ìjọba, wọn kò sì béèrè rẹ̀. Wọ́n fẹ́ kí owó-orí wálẹ̀, ó sì wálẹ̀. Ó yẹ fún àkíyèsí pé wọn kò fi "yí" sọ ara wọn lórúkọ. "Kọ̀" ni wọ́n lò. Àgbẹ̀ kọ ìyà. Orúkọ náà sọ ẹni tí ó ṣe é àti ohun tí ó ṣe, kò sì fi àyè sílẹ̀ fún agbẹjọ́rò láti bèèrè bóyá ìjọba ni wọ́n fẹ́ gbà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ìdaṣẹ́sílẹ̀ gbogbogbòò ti June 1964, àti ti àwọn òṣìṣẹ́ Ìkẹjà ní January 1971, nígbà tí àwọn agbanisíṣẹ́ kan kọ̀ láti san àfikún owó tí ìgbìmọ̀ Adebo dámọ̀ràn. Adrian Peace, tí ó ṣe ìwádìí láàárín àwọn òṣìṣẹ́ tí ń gbé Agége, fi hàn pé àwọn tálákà mìíràn ní àdúgbò náà ń wo àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí bí agbẹnusọ wọn. Ìjà wọn lágbára, ẹ̀rọ sì dákẹ́. Síbẹ̀, ìdaṣẹ́sílẹ̀ ni, kì í ṣe ìyípadà ìlú.

Ní apá kejì ibodè, ní orílẹ̀-èdè Benin tí Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ wà, àwọn ológun gba ìjọba ní October 1972. Ọ̀gágun Mathieu Kérékou kéde ètò Marx àti Lenin ní 1974, wọ́n sì sọ ìwé ìròyìn ìjọba ní "Ehuzu", ọ̀rọ̀ Fọ̀n tí ó túmọ̀ sí pé nǹkan ti yí padà. Ọ̀rọ̀-ìṣe abínibí ni àwọn Fọ̀n náà lò. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò lè sọ bóyá ìlú ni ó yí padà tàbí ìjọba nìkan. Àpérò gbogbogbòò ti February 1990 fòpin sí ètò náà, ìwé ìròyìn ọ̀hún sì pààrọ̀ orúkọ.

Ìṣòro kan náà ni "ìyípadà" lásán ní nínú èdè Yorùbá. Ojú-ọjọ́ ń yí padà. Ọkàn ẹlẹ́ṣẹ̀ ń yí padà. Ní ìdìbò 2015, ẹgbẹ́ òṣèlú kan fi "àyípadà" ṣe àkọmọ̀nà, ó sì wọlé nípa ìdìbò. Ọ̀rọ̀ tí ó gba gbogbo èyí kò lè dá dúró fún ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Haiti. Nígbà tí wọ́n bá fi àfòmọ́ "ì-" sọ ọ́ di ọ̀rọ̀-orúkọ, àbọ̀ rẹ̀ máa ń sọnù: kí ni wọ́n yí padà? Àbọ̀ tí ó sọnù yìí ni ìperí gbọ́dọ̀ dá padà.

7.0 Àwọn ìperí tí a dámọ̀ràn

(a) Ìpòòyì: yíyí nǹkan lójú kan, yálà ẹ̀rọ, àwo mítà tàbí ayé. Òun náà ni òṣùwọ̀n kíkà: "ìpòòyì 1,500 ní ìṣẹ́jú kan".
(b) Ìyípo: yíyí nǹkan kan ká nǹkan mìíràn, kí ó sì padà síbi tí ó ti gbéra.
(d) Ìyípadà, pẹ̀lú àbọ̀ rẹ̀: ìyípadà iṣẹ́-ẹ̀rọ, ìyípadà ọ̀nà ọ̀gbìn.
(e) Ìyípadà ìlú tewétegbò: kí àwọn ará ìlú yí ètò ìṣàkóso, ohun-ìní àti ipò padà láti ìpìlẹ̀.
(ẹ) Ìfipágbàjọba: kí àwọn díẹ̀ fi agbára gba ìjọba, ohun yòówù kí wọ́n máa pe ara wọn.
(f) Ọ̀tẹ̀: ìdìde sí aláṣẹ. Ìdájọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kò yẹ kí akéde lò ó àyàfi bí ó bá ń sọ ohun tí ẹlòmíràn wí.

Níbi tí olùsọ̀rọ̀ kò bá tí ì sọ èyí tí ó ní lọ́kàn, gẹ́gẹ́ bí ó ti rí ní August 2019, ohun tí ó tọ́ ni kí akéde sọ pé ó pè fún "ohun tí ó pè ní revolution", kí ó sì ṣàlàyé ohun tí ó ní kí àwọn ènìyàn ṣe: ìwọ́de ni, ìdaṣẹ́sílẹ̀ ni, tàbí ìbọn gbígbé. Ìṣe ni ilé-ẹjọ́ ń dá lẹ́jọ́. Kò yẹ kí ìtumọ̀ akéde dá a ṣáájú.

8.0 Ìgúnlẹ̀

Láti 1970, nígbà tí ètò ìkọ́ni ní Yorùbá fún ọdún mẹ́fà bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀, ni ó ti hàn pé ọmọdé lè fi èdè abínibí kọ́ sáyẹ́ǹsì. Ìperí tí ó bá rú ọmọ náà lójú ni ó lè ba iṣẹ́ náà jẹ́. Ohun tí "revolution" fi hàn ni pé kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ó yẹ kí olùṣẹ̀dá ìperí bẹ̀rẹ̀ láti inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wo ohun náà fúnra rẹ̀, kí ó béèrè ohun tí ń yí àti ohun tí ìyí náà kàn, kí ó tó wá ọ̀rọ̀ sí i. Bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, yóò rí i pé ọmọ tí ń ta òkòtó ní ìta ilé ti mọ apá kan nínú ìdáhùn náà.